Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Òru Kan Nínú Ọkọ̀ Ọlọ́pàá ní Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Wọ́n sì tún wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ó lé wa jáde nílé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí ó yẹ kí ẹni ọjọ́ orí wa ti sùn, tí a fi lọ jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá ní apá gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. A kò jalè, a kò sì jà. Àwa fúnra wa ni a tọrọ àyè, ohun tí ojú wa rí ni a sì fẹ́ ròyìn fún yín.

Ohun tí ó fà á nìyí. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ń gbé ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí a kò ní dárúkọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ń ti ibi eré bọ́ọ̀lù bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dá a dúró, tí wọ́n tú àpò rẹ̀ wò ní gbangba ojú ọ̀nà. Wọn kò rí ohunkóhun níbẹ̀ ju bàtà bọ́ọ̀lù àti aṣọ tí ẹrẹ̀ bò lọ. Wọ́n bá tiwọn lọ. Ọmọ náà dé ilé, kò jẹun, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ pè wá lórí tẹlifóònù, kì í ṣe àyẹ̀wò náà ni ó dùn ún jù. Ó ní, "Àbúrò mi, ọmọ yìí bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé, Kí ni mo ṣe? Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ìwọ tí o máa ń wí pé ilẹ̀ olófin ni ilẹ̀ yìí, lọ bá mi wò ó, kí o sì wá sọ fún mi bí òfin bá wí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. A kò lè dá a lóhùn, nítorí pé a kò mọ̀. Láti ọdún wọ̀nyí tí a ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yìn fèrèsé ni a ti máa ń wo ọkọ̀ ọlọ́pàá nígbà tí ó bá ń ké kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ní ètò kan, tí ará ìlú lásán fi lè bá wọn gun ọkọ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà ni àṣà yìí wọ́pọ̀ jùlọ, ṣùgbọ́n ó ti fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18 kò lè lọ. A kọ orúkọ wa, ọjọ́ ìbí wa àti ibùgbé wa sínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n wádìí bóyá a ti dáràn rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìwé dé pé kí a máa bọ̀.

Kí a tó wọ ọkọ̀, a fi ọwọ́ sí ìwé mìíràn. Ìwé náà wí pé a mọ̀ pé ewu ń bẹ nínú iṣẹ́ náà. Pé a kò ní ya àwòrán. Pé a kò ní tú àṣírí ẹnikẹ́ni tí a bá rí nínú wàhálà. Pé a kò ní wọ ilé onílé àfi bí onílé bá gbà. Pé bí wọ́n bá ní kí a jókòó sínú ọkọ̀, a ó jókòó. Àti pé a kò ní dá sí ọ̀rọ̀ kankan. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí rọrùn púpọ̀ láti fi ọwọ́ sí. Ẹ ó gbọ́ bí ó ti rí nígbà tí àkókò rẹ̀ tó. Nítorí ìwé náà ni ẹ kò fi ní bá orúkọ ọlọ́pàá tàbí ti ará ìlú kan pàdé nínú ìròyìn yìí.

Àdúgbò tí a yí ká ni Peckham, ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark, ní ìhà gúúsù odò Thames. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ìbátan níbẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa pè é ní Èkó Kékeré, kò sì sí ẹni tí ó rin òpópónà Rye Lane ní ọ̀sán tí yóò bèèrè ìdí rẹ̀. Iṣu wà ní ìtẹ́ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, àti ata rodo, àti èlùbọ́, àti ẹja pánlá. Aṣọ àǹkárá so rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn onídìrí sì ń pe oníbàárà wọlé. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè rajà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ohunkóhun má ṣe é. Ṣùgbọ́n bí àwọn oníṣọ́ọ̀bù bá ti ti ìlẹ̀kùn wọn, ojú àdúgbò náà a yí padà, a sì di ti àwọn ọ̀dọ́ àti ti àwọn tí ń ṣọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ronú lórí orúkọ àwọn tí ń ṣọ́ni yìí. Àwa Yorùbá ni a sọ wọ́n ní ọlọ́pàá, nítorí pé ọ̀pá ni a rí ní ọwọ́ wọn. Nígbà tí Sir Robert Peel dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ní 1829, ẹ̀rù ń ba àwọn ará ìlú pé ọmọ ogun ni ìjọba fẹ́ kó wọ àárín wọn. Nítorí èyí ni a kò ṣe fi aṣọ pupa ológun wọ̀ wọ́n, bí kò ṣe aṣọ aláwọ̀ aró. A kò sì kó ìbọn lé wọn lọ́wọ́, bí kò ṣe ọ̀pá onígi kúkúrú. Ní ọjọ́ 29 oṣù September ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ jáde sí ìgboro. Orúkọ Robert náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gé kúrú tí wọ́n fi ń pe ọlọ́pàá ní Bobby. Títí di òní, púpọ̀ jùlọ nínú wọn kì í gbé ìbọn; àwọn ẹ̀ka kan pàtó ni ó ń gbé e. Ní ilé wa ní Nàìjíríà, níbi tí a ti so ẹgbẹ́ ọlọ́pàá apá àríwá àti ti gúúsù pọ̀ di ọ̀kan ní 1930, ìbọn ni ojú àwọn ọmọ wa mọ̀ ní èjìká ọlọ́pàá, síbẹ̀ orúkọ ọ̀pá ni a ṣì ń pè é. Nítorí náà, nígbà tí a rí ọ̀pá ní ìbàdí àwọn tí ó gbà wá lálejò ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wa ti bá olówó rẹ̀ pàdé.

Àwọn méjì ni a fi wá sí ìkáwọ́ wọn ní agogo 9. Awakọ̀ jẹ́ obìnrin kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí kì í sọ ju bí ó ti yẹ lọ. Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọlọ́yàyà ènìyàn. Òyìnbó ni àwọn méjèèjì. Yàtọ̀ sí ọ̀pá, wọ́n ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti agolo oró tí a ń fín sí ojú ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe wọ́n léṣe. Ní àyà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ni ẹ̀rọ ayàwòrán kékeré kan wà, tí ń gba àwòrán àti ohùn sílẹ̀. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè títàn kan pé kí a wọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wá mú fún ọlọ́pàá, tàbí fún ẹni tí wọ́n mú.

Ẹni tí ó bá rò pé eré sísá àti ariwo ni iṣẹ́ yìí, irọ́ ni ó ń pa fún ara rẹ̀. Ìdádúró àti ìwé kíkọ ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú òru wa. Bí ará ìlú bá pe 999, àwọn tí ó gbà á a pín ìpè náà sí ipò ipò: èyí tí ó le jù, wọ́n ń gbìyànjú láti dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15, èyí tí ó tẹ̀ lé e, láàárín wákàtí kan. Nọ́ńbà 999 yìí fúnra rẹ̀, ẹ̀kún ni ó bí i. Ní 1935, iná jó ilé kan ní òpópónà Wimpole ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin 5 sì kú níbẹ̀. Aládùúgbò tí ó ń gbìyànjú láti pe àwọn panápaná lórí tẹlifóònù kò tètè rí ẹni dá a lóhùn. Ó kọ ìwé sí ìwé ìròyìn, ìjọba wádìí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 30 oṣù June 1937, a bẹ̀rẹ̀ sí í lo 999 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ kíyè sí i pé ẹnìkan tí ó rí nǹkan, tí kò sì dákẹ́, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìpè wa àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọkọ àti ìyàwó tí ń jà. Onílé kò gbà kí àlejò wọlé, nítorí náà inú ọkọ̀ ni a jókòó sí fún ìṣẹ́jú 40, tí òtútù ń mú wa, tí a ń wo fèrèsé tí iná ń tàn nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì jáde, wọn kò mú ẹnikẹ́ni dání. Obìnrin náà yóò sùn ní ilé arábìnrin rẹ̀, wọ́n sì ti kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Awakọ̀ ní, "A ó tún padà wá síbí." A mọ̀ pé kì í ṣe àsọdùn.

Ó kù díẹ̀ kí agogo 12 lù nígbà tí ohùn inú ẹ̀rọ wọn ní ẹnìkan rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó yọ ọ̀bẹ sí ẹlòmíràn ní iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta adìẹ díndín. Ọmọ dúdú, ó ga, ó wọ ẹ̀wù òtútù dúdú tí ó ní fìlà. Ẹ̀yin òbí, ẹ wo àpèjúwe yìí dáadáa. Bí a bá dúró sí Rye Lane ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mélòó ni kò ní bá mu? Ó bá ọmọ ẹ̀gbọ́n wa mu. Ó bá ọmọ tiwa mu.

Ní òpópónà kejì a bá ọmọ kan tí ó ń dá rìn, tí ó ki ohun ìgbọ́rin bọ etí. Awakọ̀ dúró. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kí a sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí a má kúrò lẹ́bàá ọkọ̀. Ọmọ náà lè tó ọdún 16. Ó yọ ohun etí rẹ̀, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sì jáde ní ẹnu rẹ̀ ni, "Kí ni mo ṣe?"

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà gún wa bí abẹ́rẹ́.

Ọlọ́pàá ọkùnrin náà dá a lóhùn. Ó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti àgọ́ tí ó ti wá. Ó ní òun dá a dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òfin ọdún 1984 ni ó fún òun ní àṣẹ. Ó ní ọ̀bẹ ni òun ń wá. Ó ní ìdí rẹ̀ ni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n, àpèjúwe ẹni náà sì bá a mu. Ó ní ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ láti gba àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò náà, bí ó bá bèèrè fún un láàárín oṣù 3. Gbogbo èyí ni òfin pa láṣẹ pé kí a sọ kí a tó fi ọwọ́ kan àpò ẹnikẹ́ni. A sì kọ́ ọ ní òru ọjọ́ náà pé ẹ̀wù òkè, jákẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀wọ́ nìkan ni òfin yìí gbà kí a ní kí ènìyàn bọ́ ní gbangba.

Ọmọ náà bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tí ó na ọwọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ bọ́ sí tiwa. Ó rí ẹ̀wù ìyeyè wa, ó rí awọ ara wa, ó sì rí ewú orí wa. Ó wá pè wá bí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń pe àgbàlagbà tí wọn kò mọ̀ rí. Ó ní, "Ọ́ńkù, ṣé ẹ ń rí i?"

A ti fi ọwọ́ sí ìwé pé a kò ní sọ̀rọ̀. Bí a bá sọ̀rọ̀, kí ni a ó wí? Pé kí wọ́n fi í sílẹ̀? A kò mọ̀ bí ọ̀bẹ bá wà lára rẹ̀. Pé kí ó fara balẹ̀? Ó ti fara balẹ̀ ju àwa lọ. A kò lè ṣe ju pé a mi orí wa sí i, pé bẹ́ẹ̀ ni, a ń rí i. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó wò wá títí wọ́n fi parí, kò sì yọ ojú rẹ̀ kúrò.

Kọ́kọ́rọ́ ilé, tẹlifóònù, káàdì ọkọ̀ àti ṣingọ́ọ̀mù ni ó wà nínú àpò rẹ̀. Ọlọ́pàá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọrọ gáfárà fún ìdádúró. Ẹlẹ́jọ́ kan kò lè rí àléébù kankan nínú ohun tí ó ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ náà ń wọ ẹ̀wù rẹ̀ padà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó gbìyànjú kí síìpù rẹ̀ tó mú. Òfin kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, a bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà léèrè pé kí ni ó máa ń rò bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Inú kò bí i. A ń kọjá lẹ́bàá ilé ìkàwé Peckham lọ́wọ́, ilé gíga aláràbarà tí a ṣí ní ọdún 2000, ó sì nawọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà tó yóò rántí. Láti ilé ìkàwé yìí ni Damilọ́lá Taylor ń bọ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù November ọdún náà gan-an, nígbà tí a gún un ní ẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dà dànù lórí àtẹ̀gùn ilé kan ní àdúgbò North Peckham. Èkó ni a ti bí i. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ó pé ọmọ ọdún 11. Ní 2006 ni ilé ẹjọ́ tó dá àwọn ọmọkùnrin méjì lẹ́bi ikú rẹ̀. Ọlọ́pàá náà ní ọmọdé ni òun nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti fi ọwọ́ ara òun di ojú ọgbẹ́ ọmọ ọdún 15 kan mú rí, títí àwọn oníṣègùn fi dé. Kò sọ bóyá ọmọ náà yè, àwa kò sì bi í.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ní ojú kan. Ìyá kan ní Peckham ní ẹ̀rù méjì: ó ń bẹ̀rù ọ̀bẹ, ó sì ń bẹ̀rù ẹni tí ń wá ọ̀bẹ. Ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ fi hàn lọ́dọọdún pé, bí a bá wo iye wọn nínú ìlú, a ń dá àwọn ènìyàn dúdú dúró ju àwọn funfun lọ, àti pé nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àyẹ̀wò wọ̀nyí, a kì í rí ohun tí a ń wá. Àyẹ̀wò tí a ṣe ní ọ̀nà tí ó tọ́ pàápàá ní owó tí a ń san fún un, ọmọ tí kò ṣe nǹkankan ni ó sì ń san án.

Òru ti jìn, agogo 2 ti kọjá, nígbà tí a pè wá sí ibùdókọ̀ kan. Ìyá arúgbó kan jókòó níbẹ̀, ó wọ aṣọ ìsùn, ó ro ìró mọ́ ọn, ó sì wọ sálúbàtà ní inú òtútù yẹn. Ọmọ rẹ̀ ti pe àwọn ọlọ́pàá láti wákàtí kan sẹ́yìn pé òun kò bá a lórí ibùsùn. Awakọ̀ wa kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà kò dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fà á dìde lọ sínú ọkọ̀, ó di ìjókòó mú, ó sì kígbe pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀! Kí ni mo ṣe? Ọkọ̀ Òṣogbo ni mò ń dúró dè!"

Ọmọ rẹ̀ ròyìn fún wa lẹ́yìn náà pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá òun fi ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí, tí ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ṣùgbọ́n àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó a máa gba èdè tí a kọ́ kẹ́yìn lọ́wọ́ ẹni, kí ó tó kan èyí tí a fi mu ọmú. Awakọ̀ yí ojú sí wa. Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí?" Ọ̀rọ̀ tí a ti fi ọwọ́ sí pé a kò ní sọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

A dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù náà, a ní, "Ẹ kú àìsùn o, Màmá." Ó wò wá láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́?" A sọ orúkọ bàbá wa àti ti ìlú wa. Ó ní òun mọ àwọn ará ìlú náà, pé wọ́n fẹ́ràn láti máa ra aṣọ láwìn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, ẹ mọ̀ pé ara ti tù. A ní, "Màmá, ẹ kò ṣe nǹkankan. Ọmọ yín ni ó ń wá yín, òun ni ó ránṣẹ́ sí àwọn wọ̀nyí. Kò sí ọkọ̀ Òṣogbo ní irú àkókò yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín délé kí ilẹ̀ mọ́." Ó ní, "Ọkọ̀ ọlọ́pàá kọ́ nìyẹn? Aráyé yóò ní mo jalè." A ní àwa ni a ó jókòó tì í. Ó ronú díẹ̀, ó sì dìde. Títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni ó di ọwọ́ wa mú, tí ó ń ṣírò iye tí àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a gbọ́ "Kí ni mo ṣe?" ní òru kan. Ọmọdé ni ó kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀, arúgbó sì ni ó bèèrè rẹ̀ kẹ́yìn. A ti wá gbà pé ìbéèrè yìí ni a fi ń mọ òfin yàtọ̀ sí agbára. Agbára a máa dáni dúró, a sì máa lọ. Òfin kò lè fi ọwọ́ kan ọmọ ènìyàn kí ó má dáhùn ìbéèrè náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ìdáhùn yìí kò ṣàdédé wá. Òfin àtijọ́ kan wà, ti ọdún 1824, tí ọlọ́pàá fi lè mú ẹni tí ó bá kàn fura sí pé ó ń rìn kiri láti ṣe ibi. Àwọn ọ̀dọ́ dúdú jìyà rẹ̀ púpọ̀. Ní April 1981 ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Brixton, tí kò jìnnà sí Peckham. Ọdún náà ni a pa apá yìí nínú òfin náà rẹ́, tí Olúwa Scarman sì gbé ìròyìn ìwádìí rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin 1984 dé. Ní April 1993 àwọn ọ̀dọ́ funfun kan pa Stephen Lawrence, ọmọ ọdún 18, ní ibi tí ó ti ń dúró de ọkọ̀ ní Eltham. Nígbà tí a gbé ìròyìn ìwádìí Macpherson jáde ní 1999, ó dámọ̀ràn pé kí a máa fún ẹni tí a bá dá dúró ní àkọsílẹ̀. Àti ní ilé wa pẹ̀lú, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tú jáde ní October 2020 nítorí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS, tí ìjọba sì kéde ní ọjọ́ 11 oṣù náà pé a tú ẹ̀ka náà ká, ìbéèrè kan náà ni ó wà ní ìsàlẹ̀ ariwo wọn.

A kò ní tan yín jẹ. A kò mọ̀ bí ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá náà ì bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí àgbàlagbà kan nínú ẹ̀wù ìyeyè lẹ́bàá ọkọ̀. Bóyá ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jọ ọmọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìlú tí ó bá fẹ́ kí òfin máa dáhùn gbọ́dọ̀ ní ojú tí ń wò. Ọ̀nà mìíràn sì wà ju ọkọ̀ gígùn lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ìlú tí kò gba owó oṣù a máa lọ ní méjì méjì bẹ àwọn tí ó wà ní àtìmọ́lé wò, ní ìgbàkígbà, láìsọ tẹ́lẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá kò sì gbọdọ̀ dá wọn dúró ní ẹnu ọ̀nà láìnídìí. Láti ara ìmọ̀ràn Scarman ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀, òfin 2002 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn akọ̀wé, àwọn olùkọ́, àwọn ìyá ọlọ́jà tí ó ti fẹ̀yìntì ní Peckham lè ṣe é.

Ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí a sun oorun díẹ̀, a pe ẹ̀gbọ́n wa. A ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òfin kò wí bẹ́ẹ̀. Ó wí pé kí a dá ọmọ náà lóhùn." A sọ fún un pé oṣù mẹ́ta kò tíì pé, kí wọ́n kọ̀wé fún àkọsílẹ̀ náà; bí kò bá sí àkọsílẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní ọmọ náà fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀.

A sọ ohun gbogbo fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí a dé ibi ọmọ tí a dá dúró, ó bi wá pé, "Ọ́ńkù, ṣé wọ́n dá a lóhùn?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dára." Lẹ́yìn èyí ó bèèrè àdírẹ́sì tí a ń kọ ìwé sí, àwa sì kà á fún un, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Títí di ìgbà tí a ń kọ ìròyìn yìí, èsì kò tíì dé. Bí ó bá dé, a ó jẹ́ kí ẹ gbọ́.